Iṣẹ́ mi pòórá láàárín server Dùgbẹ̀ àti ti Bódìjà

Akọ̀wé Dùgbẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé iṣẹ́ ìṣirò owó ni tiwa. Server kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí a ń kó fáìlì sí, wà ní Dùgbẹ̀, èkejì wà ní Bódìjà, ètò DFS Replication (DFSR) ló ń pín fáìlì láàárín wọn. Lánàá mo tẹ owó oṣù òṣìṣẹ́ oníbàárà wa kan sínú Excel, mo sì fi pamọ́. Nígbà tí mo padà ṣí i, iṣẹ́ ọ̀gá Bódìjà nìkan ni mo bá. Ó dùn mí gan-an. Ṣé server ló bàjẹ́ ni?

Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì: Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Kò bàjẹ́. DFSR kì í ti fáìlì mọ́ ẹnì kejì. Bí ẹni méjì bá ṣiṣẹ́ lórí fáìlì kan náà níbi méjì, ti ẹni tó fi pamọ́ kẹ́yìn ló ń borí. Ẹ ní kí alábòójútó server yín wo fódà ConflictAndDeleted, nínú DfsrPrivate; ibẹ̀ ni DFSR ń gbé fáìlì tí kò borí sí. Kó tètè wò ó o! 4 GB ni àyè rẹ̀ bí wọn ò bá fẹ̀ ẹ́. Tó bá ti ń kún, èyí tó pẹ́ jù ló ń kọ́kọ́ parẹ́.

Ará Mọ́kọ́lá: Fáìlì tí ẹnìkan ṣí sílẹ̀ kì í sábà kọjá sí server kejì títí onítọ̀hún á fi pa á dé. Ti Excel yẹn, ẹ fi í sórí server kan ṣoṣo.

Akọ̀wé Dùgbẹ̀: Alábòójútó wa ti rí i níbẹ̀! Ọlọ́run á bù kún yín. Ṣé a lè ka DFSR yìí sí bákọ́ọ̀pù, ìyẹn ẹ̀dà ìpamọ́?

Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì: Rárá o. Ohun tẹ́ ẹ bá pa rẹ́ ní Dùgbẹ̀, Bódìjà náà á pa á rẹ́. Ẹ ṣe bákọ́ọ̀pù lọ́tọ̀.