Kúkì tí gbogbo ọmọ lè jọ jẹ: ìrírí àwa tí ọmọ wa ní àlẹ́jì

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, kí àwọn yòókù lè tẹ̀ lé e. Ìbejì ni mo bí. Táíwò ń jẹ ohun gbogbo. Ti Kẹ́hìndé ò rí bẹ́ẹ̀ rárá: mílíìkì, ẹyin, àlìkámà àti ẹ̀pà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lara rẹ̀ kọ̀. Bó bá fẹnu kan ẹyin báyìí, kò ní pẹ́ tí ètè rẹ̀ á fi wú, ìléròrò á sì bo gbogbo ọrùn rẹ̀.

Nígbà tí èsì àyẹ̀wò jáde, àwọn ará ilé dá a lábàá pé kí n máa ṣe kúkì ti Kẹ́hìndé lọ́tọ̀. Mo ní rárá. Kúkì kan náà ni gbogbo wa á máa jẹ: Táíwò á jẹ ẹ́, bàbá wọn á jẹ ẹ́, àlejò á jẹ ẹ́. Ọmọ tí wọ́n ń gbé abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ nígbà gbogbo mọ̀ ọ́n lára, bí kò tiẹ̀ sọ̀rọ̀. Ká má sì tan ara wa, ilé tí wọ́n bá ti ń da fúláwà àlìkámà, ó ṣòro kéèyàn fọwọ́ sọ̀yà pé ti ọmọ mọ́. Fúláwà kúnná, ó máa ń fẹ́ sókè, á wá bà sórí ṣíbí, sórí tíréè, sínú agolo ṣúgà tí wọ́n gbàgbé láti dé.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Ìdá mẹ́ta ìyẹ̀fun ìrẹsì ni mo máa ń pò mọ́ ìdá kan sítáàṣì ẹ̀gẹ́. Dípò ẹyin kan, mo máa ń bu omi ṣíbí ńlá mẹ́ta sórí ṣíbí ńlá kan flaxseed, irúgbìn wẹ́wẹ́ kan, tí mo ti lọ̀ kúnná, màá fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 títí á fi máa fà. Òróró ni mo fi ń rọ́pò bọ́tà. Lẹ́yìn náà ni ṣúgà, iyọ̀ díẹ̀ àti béékìn páódà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í mọ̀ ni pé ìyẹ̀fun ìrẹsì kì í tètè mu omi. Bí ẹ bá pò ó tán tí ẹ sì gbé e síná lójú ẹsẹ̀, ńṣe lá máa rí bí iyanrìn lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 30, nínú fíríìjì bó bá ṣeé ṣe, torí èyí tó bá tutù kì í tàn kálẹ̀ jù lórí tíréè. Bó bá wá jáde nínú ófùnù, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án. Ó ṣì rọ̀, kò sì ní gluten, ìyẹn púrótéènì inú àlìkámà, tí yóò dì í mú, ọwọ́ yín ni yóò fọ́ sí. Ẹ fi í sílẹ̀ lórí tíréè fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Etí rẹ̀ á kọ́kọ́ le, àárín á tẹ̀ lé e. Ìgbà yẹn ni kí ẹ ti ọ̀bẹ pẹlẹbẹ bọ abẹ́ rẹ̀, odindi ni yóò yọ.

Ọ̀rọ̀ mílíìkì ló máa ń ká mi lára jù. Àwọn tó fẹ́ràn wa dénú máa ń ra mílíìkì “tí kò ní lactose” wá bá wa, inú wọn á sì dùn pé àwọn ran ọmọ lọ́wọ́. Ṣúgà inú mílíìkì ni wọ́n ń pè ní lactose. Ẹni tí inú máa ń run tàbí tó máa ń kùn tó bá mu mílíìkì ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Ọmọ alálẹ́jì ní tirẹ̀, púrótéènì inú mílíìkì, casein àti whey, lara rẹ̀ ń bá jà, gbogbo rẹ̀ ló sì pé síbẹ̀ bí wọ́n tiẹ̀ yọ lactose kúrò. Ó wà nínú bọ́tà, ó máa ń ṣẹ́ kù sínú ghee, ìyẹn bọ́tà tí wọ́n yọ́ tí wọ́n sì sẹ́, màjárìnnì tí wọ́n fi whey sí náà sì pọ̀ lórí àtẹ. Òróró lásán ni mo fara mọ́.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun gan-an, mà. Àbíkẹ́yìn wa lọ̀rọ̀ kàn: àlìkámà, kajú, almond àti yànmọ̀tí. Èmi ni mo máa ń lọ ra nǹkan nílé wa, nítorí náà ẹ̀yìn páálí ni ìrírí tèmi wà.

Bí wọ́n bá kọ “gluten-free”, ìyẹn pé kò ní gluten, gàdàgbà síwájú páálí, mi ò kà á sí mọ́ títí màá fi yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Àwọn tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ wá ohun tí wọ́n máa fi rọ́pò àlìkámà, almond lílọ̀ sì ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Mo tún ti rí páálí kan tí wọ́n kọ “sítáàṣì àlìkámà” sẹ́yìn rẹ̀. Wọn ò purọ́ o. Wọ́n ti fọ gluten kúrò lára rẹ̀ débi pé kò ju ìdá 20 nínú mílíọ̀nù kan lọ, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀ nítorí àwọn tó ní àrùn celiac, àwọn tí gluten máa ń ba ìfun wọn jẹ́, sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n gluten nìkan kọ́ ni púrótéènì tó wà nínú àlìkámà, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ní àlẹ́jì àlìkámà ò gbọ́dọ̀ fi ìyẹn dán an wò.

Bákan náà ni “vegan”, ìyẹn oúnjẹ tí wọn ò fi ohunkóhun tó wá lára ẹran sí. Wọn ò mọ̀ọ́mọ̀ fi mílíìkì sí i lóòótọ́, àmọ́ ó lè ti gba orí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe èyí tó ní mílíìkì kọjá. Ṣokoléètì dúdú ni kí ẹ ṣọ́ jù. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni kò sì sọ ọ́ di dandan pé kí iléeṣẹ́ kọ “ó lè ní” sára páálí, nítorí náà bí ẹ ò bá rí i níbẹ̀, ìyẹn ò sọ pé ọkàn yín lè balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yànmọ̀tí ló wá yà mí lẹ́nu. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023, òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n máa kọ yànmọ̀tí sára páálí, òun ló di ìkẹsàn-án nínú àwọn oúnjẹ tí wọ́n gbọ́dọ̀ dárúkọ. Inú èmi àti ìyàwó mi dùn. Àṣé àwọn iléeṣẹ́ kan á wò ó pé ó nira láti fọ ẹ̀rọ wọn mọ́ tónítóní, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ da yànmọ̀tí díẹ̀ sínú ohun tí wọn kì í fi í sí tẹ́lẹ̀, wọ́n wá kọ ọ́ sẹ́yìn páálí. Ohun tí ọmọ ti ń jẹ tipẹ́ wá di èèwọ̀. Láti ìgbà yẹn, kò sí páálí tí mi ò ní kà lákàtúnkà, ì báà jẹ́ èyí tí mo rà lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ẹ wo ẹ̀yìn béékìn páódà náà o. Sítáàṣì máa ń wà nínú rẹ̀, ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ ti àlìkámà.

Aṣekúkì

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni kúkì ṣíṣe, àwọn ọmọ alálẹ́jì ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí mo ń ṣe é fún.

Oníbàárà mi kan pè mí lálẹ́, àyà rẹ̀ ń já: “Àǹtí, kúkì yín ti bu!” Ó fi fọ́tò ránṣẹ́. Ìta kúkì náà pọ́n dáadáa, àmọ́ ibi tó ti fọ́ ọ sí méjì, inú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀. Kò bu rárá. Èso sunflower lílọ̀ ni mo fi rọ́pò ẹ̀pà lílọ̀, èròjà kan sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní chlorogenic acid. Bí ìyẹn bá pàdé sódà, bí kúkì ṣe ń tutù làwọ̀ ewé á máa yọ. Kì í ṣe ọmọ ní nǹkan kan. Ẹ dín sódà kù, kí ẹ sì kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i, kò ní hàn tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní báyìí, mo máa ń kọ ọ́ sára ike, káwọn ìyá má bàa dà á nù.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún ti Ìyá Ìbejì ni ti irinṣẹ́. Asẹ́ tí wọ́n ti fi jọ fúláwà àlìkámà rí, ẹ má fi jọ ti ọmọ. Ihò rẹ̀ kéré, ìyẹ̀fun máa ń há sí i bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Ṣíbí onígi tó ti sán náà ńkọ́, àti páànù tí ọ̀bẹ ti fá lára? Ẹ ya tọmọ sọ́tọ̀. Ẹni tó bá gbọ́dọ̀ ṣe oríṣi méjì lọ́jọ́ kan náà, kó kọ́kọ́ ṣe ti alálẹ́jì, kó kó o sínú ike kó sì dé e, kó tó ṣí fúláwà. Sánítáísà kì í kó púrótéènì ẹ̀pà kúrò lọ́wọ́ o. Omi àti ọṣẹ ni.

Ìyá Àgbà

Ẹ̀yin ọmọ mi, Olúwa á máa ràn yín lọ́wọ́. Ọmọ ọmọ mi ló wà lọ́dọ̀ mi. Mílíìkì, ẹyin àti kajú ni tirẹ̀. Níbi ọjọ́ ìbí ọmọ kan, mo bi ẹni tó ṣe kúkì léèrè, ó ní òun ò po ẹyin mọ́ ọn. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ó ti fi ẹyin pa á lórí kó lè máa dán, kò sì wá sí i lọ́kàn pé ìyẹn náà ẹyin ni.

Ọmọ jẹ ẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó bì, ohùn rẹ̀ há. Ẹnì kan sáré gbé oògùn olómi tó wà fún ara yíyún wá. Mo ní kó gbé e sílẹ̀ ná, torí dókítà ti kọ́ mi pé ìyẹn ò lè dá irú èyí dúró, abẹ́rẹ́ epinephrine ló kọ́kọ́ kàn. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ itan rẹ̀, láti orí ṣòkòtò, mo ní kí wọ́n pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Abẹ́rẹ́ kejì wà lọ́wọ́ mi, bí ìyẹn ò bá dáhùn. Ó dáhùn. Síbẹ̀ wọ́n dá wa dúró nílé ìwòsàn fún wákàtí bíi mélòó kan, torí ó lè rọlẹ̀ kó tún padà dé.

Nísinsìnyí, mi ò béèrè mọ́ pé “ṣé ẹyin wà níbẹ̀?” Ohun tí mo ń sọ ni pé “ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ fi ṣe é fún mi, títí dórí ohun tí ẹ fi pa tíréè.”

Ìyá Ìbejì, flaxseed ò bá ọmọ mi lára mu. Kí ni mo tún lè lò? Aládùúgbò mi sì ní ẹyin tó bá ti jinná nínú kúkì kì í ṣe ọmọ ní nǹkan kan mọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú àmúmọ́ra, mà. Ẹ má tẹ̀ lé ti aládùúgbò yẹn. Lóòótọ́, àwọn ọmọ kan wà tí ara wọn gba ẹyin tó ti jinná dáadáa nínú ohun yíyan, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fojú mọ̀ bóyá tiyín wà lára wọn. Dókítà àlẹ́jì ló ń dán ìyẹn wò, díẹ̀díẹ̀, nílé ìwòsàn.

Ní ti flaxseed, ẹ se ápù títí á fi rọ̀, kí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná láìfi ṣúgà sí i. Ìwọ̀n gíráàmù 60 á dípò ẹyin kan. Kúkì náà á rọ̀ díẹ̀ ju tèmi lọ, nítorí náà ẹ dín omi tàbí òróró kù, kí ẹ sì fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ lórí tíréè kó tó wọ ófùnù, torí kì í fúnra rẹ̀ tẹ́.