Nọ́ọ̀tì tí ó ń há lára Land Rover àtijọ́

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀tì tuntun tí mo rà ní Gate, n'Íbàdàn, fún Land Rover Series IIA bàbá mi yí díẹ̀ lórí bóòtì rẹ̀, lẹ́yìn náà ó há. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ó jọ pé BSF (oríṣi eyín bóòtì àtijọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) ni bóòtì yín, tí nọ́ọ̀tì sì jẹ́ UNF (oríṣi eyín tó dé lẹ́yìn rẹ̀). Ní ìwọ̀n 5/16 íǹṣì, eyín 22 ló wà nínú íǹṣì kan BSF, 24 ni ti UNF; igun eyín wọn náà yàtọ̀, dígírì 55 sí 60. Ẹ má fi agbára yí i, nítorí eyín rẹ̀ yóò bó.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, àmọ́ oríṣi méjèèjì ló wà lára ọkọ̀ yẹn, nítorí náà ẹ fi géèjì eyín (irin pẹlẹbẹ oní-eyín) wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ sì rántí pé nọ́ńbà ara sípánà Whitworth (irú èyí tí a fi ń yí bóòtì BSF), ìwọ̀n bóòtì ni, kì í ṣe ìbú orí rẹ̀.

Ìdáhùn: Ti ọkọ̀ Morris àtijọ́ tún lágídí jù bẹ́ẹ̀ lọ: eyín oní-mìlímítà, orí Whitworth!