Orí ọkọ mi máa ń fọ́ láràárọ̀ tó bá jí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Orí ló máa ń fọ́ bàbá àwọn ọmọ mi láràárọ̀, bó bá ṣe ń lajú báyìí ló ti máa di orí mú, á ní ńṣe ló ń fún òun, iwájú orí àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kì í ṣe apá kan. Tó bá fi máa di nǹkan bí aago mẹ́wàá ó ti lọ, àfi bíi pé kò ṣe é rí. A ti tọ́jú ibà, a ti tọ́jú táífọ́ọ̀dù, kẹ́míìsì àdúgbò wa ti gún un lábẹ́rẹ́ títí, ẹ̀fọ́rí ò lọ. Parasítámọ̀ ló fi ń gbéra nílé báyìí, ojoojúmọ́ ayé. Ọmọ ọdún 46 ni, ó sanra díẹ̀, bọ́ọ̀sì ló ń wà láti Ìbàdàn sí Èkó. Èyí tó wá já mi láyà jù ni pé kọ̀ńdọ́ ẹ̀ pè mí pé ó tòògbé nídìí ọkọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀, pé òun ló pariwo mọ́ ọn. Ó sì máa ń sùn dáadáa o, ó ti máa ń wọlé sùn láago mẹ́sàn-án alẹ́! Ìyá ẹ̀ ní ayé ló ń bá a jà. Kí ni kí n ṣe?

Àbẹ̀kẹ́ Aláṣọ:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, Ọlọ́run á wò ó sàn. Ṣé ó máa ń hanrun?

Ìyá Ìbejì:
Háà, hanrun kẹ̀! Àwọn ọmọ ń gbọ́ ọ ní yàrá kejì. Nǹkan kan tiẹ̀ wà tí mi ò mọ̀ bóyá kí n sọ, tó bá ń hanrun lọ á kàn dákẹ́ lójijì, mi ò ní gbọ́ èémí rárá, ó máa tó ìgbà díẹ̀ kó tó wá fà á wọlé gbàà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lódò. Ó máa ń dẹ́rù bà mí, mo máa ń gbọ̀n ọ́n nígbà míì kó lè yí padà.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ìyẹn, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ohun tẹ́ ẹ ṣàlàyé yìí jọ èyí tí wọ́n ń pè ní sleep apnea. Tó bá ti sùn, ẹran ọ̀nà ọ̀fun á dẹ̀, á dí ọ̀nà èémí, èémí á dúró fún sẹ́kọ́ńdì 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ọpọlọ á wá ta á jí díẹ̀ kó lè mí, òun fúnra ẹ̀ ò ní mọ̀ pé òun jí. Bó ṣe máa ń ṣe mọ́jú nìyẹn. Tí èémí bá dúró tàbí tó dín kù ní ìgbà 5 láàárín wákàtí kan, dókítà ti lè pè é ní sleep apnea, tó bá ti tó 30 ó ti le gan-an nìyẹn. Ẹ wá rí i, ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì láti aago mẹ́sàn-án lóòótọ́, àmọ́ kò sùn. Atẹ́gùn tó yẹ kó mí jáde ń há sínú ẹ̀jẹ̀, atẹ́gùn tó dáa ń dín kù, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú orí á fẹ̀, wọ́n gbà pé ó wà lára ohun tó ń fa ẹ̀fọ́rí àárọ̀ yẹn. Irú ẹ̀fọ́rí yìí, ẹ̀gbẹ́ orí méjèèjì ló máa ń fún, kì í sì í sábà ju wákàtí 4 lọ lẹ́yìn téèyàn bá jí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ náà, àwọn méjèèjì máa ń rìn pọ̀.

Kọ́lá Wáyà:
Ẹ dákun ẹ jẹ́ n béèrè, ṣé ẹ máa ń tan jẹnẹrétọ̀ sùn? Torí èéfín jẹnẹ́ náà ń fa ẹ̀fọ́rí téèyàn bá jí, gáàsì olóró inú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide ò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó ti pa odindi ìdílé mọ́jú. Tó bá jẹ́ pé orí gbogbo yín ló ń fọ́, tó sì ń lọ tẹ́ ẹ bá jáde síta, ẹ má sùn síbẹ̀ mọ́.

Ìyá Ìbejì:
Rárá o, a kì í tan jẹnẹ́ lóru, orí èmi àtàwọn ọmọ ò sì fọ́ wa.

Ọ̀gbẹ́ni Rọ̀mí:
Ẹ wá oògùn oorun fún un jàre, tàbí kó mu páráǹgà kékeré kó tó sùn, ara á balẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o! Ọtí àti oògùn oorun á túbọ̀ mú ẹran ọ̀fun yẹn dẹ̀ ni, èémí á tún máa dúró pẹ́ sí i. Ẹni tó bá ń hanrun báyìí kì í gba oògùn oorun ní kẹ́míìsì láìjẹ́ pé dókítà mọ̀. Kó máa fẹ̀gbẹ́ sùn, kó má dojú sókè, kó sì gbìyànjú kó dín ara tó sanra yẹn kù díẹ̀.

Màmá Tólú:
Parasítámọ̀ ojoojúmọ́ yẹn náà ń kọ mí lóminú. Oògùn ẹ̀fọ́rí fúnra ẹ̀ lè di ohun tó ń fa ẹ̀fọ́rí. Parasítámọ̀ tàbí ibuprofen téèyàn bá ń lò ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lóṣù, tó lé ní oṣù mẹ́ta, ó lè sọ ọ́ di ẹ̀fọ́rí tí á máa wá lemọ́lemọ́. Àwọn lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n da aspirin àti kafíìnì pọ̀ nínú ẹ̀, tiwọn tiẹ̀ yá jù, ọjọ́ 10 lóṣù. Ẹ sọ iye tó ń lò fún dókítà láìfi nǹkan kan pa mọ́.

Bàbá Ṣadé, Lọ́ńdọ̀nù:
Èmi ní in, mo sì ń lo ẹ̀rọ ẹ̀, CPAP ni wọ́n ń pè é, ìbòmú kan ni tó ń fẹ́ atẹ́gùn wọ ọ̀fun kó má baà pa dé. Ilé ni mo ti ṣe tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ní kí n fi nǹkan kan há ìka, kí n de bẹ́líìtì mọ́ àyà sùn. Ẹ̀fọ́rí àárọ̀ mi ti lọ. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín mà, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn ló le jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ. Níbí, ẹni tó bá ní in débi pé ó ń tòògbé lọ́sàn-án ò gbọdọ̀ wakọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ sọ fún DVLA tó ń fúnni ní láísẹ́ńsì, títí ìtọ́jú á fi ràn án. Ẹ̀mí àwọn èrò wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun gan-an ni, omi ń bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń kà á. Kò ní gbà láti fi bọ́ọ̀sì sílẹ̀ o, owó ilé ìwé wà níbẹ̀. Ibo ni ká lọ? Ẹ̀rọ yẹn ńkọ́, tí ò sí iná?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ẹ lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìbàdàn, ẹ béèrè ẹ̀ka tó ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ fi fóònù ká a sílẹ̀ lóru bó ṣe ń hanrun àti bó ṣe ń dákẹ́, ẹ jẹ́ kí òun náà gbọ́ ọ, ẹ̀yin náà ẹ tẹ̀lé e wọlé torí òun ò lè ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó ń sùn. Tí wọ́n bá ní kó lo ẹ̀rọ, bátìrì tàbí ínfátà lè gbé e. Àdúrà ìyá náà ò burú, kí wọ́n máa gbà á lọ, àmọ́ ẹ má fi dúró de ọjọ́ ilé ìwòsàn. Tí ẹ̀fọ́rí bá dé lójijì tó le ju gbogbo èyí tó ti ń ní lọ, tàbí ọrùn ẹ̀ le pẹ̀lú ibà, tàbí apá kan ara ẹ̀ rọ, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ nìyẹn.
Ti bọ́ọ̀sì, ẹ bá a wá ẹlòmíì tó máa máa wà á, kí wọ́n máa jọ pín owó ẹ̀ títí dókítà á fi rí i. Kọ̀ńdọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ ní kó bá a sọ ọ́, torí ojú ẹ̀ ló ṣe.