Màmá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìtọ́jú àgbà ní London: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

ỌmọÌbàdàn: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Màmá wa ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Dementia, àìsàn ọpọlọ tó ń mú kéèyàn máa gbàgbé nǹkan, mú kí wọ́n máa jáde lóru láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ, ìdí nìyẹn tí a fi mú wọn lọ sí ilé ìtọ́jú. Ní báyìí, wọn kì í jẹun tó, wọn kì í dá àwọn òṣìṣẹ́ lóhùn, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń di ẹrù pé àwọn ń lọ sílé. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ níbí ti ń parẹ́ lẹ́nu wọn. Àwọn ẹbí ní Ìbàdàn ní ṣe la já wọn jù sílẹ̀. Kí lẹ ṣe tí ibẹ̀ fi mọ́ tiyín lára?

Nọ́ọ̀sìLeeds: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ilé àgbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àìsàn náà ló ń gba Gẹ̀ẹ́sì yẹn lọ. Èdè tí èèyàn kọ́ gbẹ̀yìn ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Màmá ò bínú sẹ́nì kankan, ó ṣeé ṣe kí ohun tí wọ́n ń sọ má yé wọn mọ́ ni. Ẹ gba ìwé "This is me" ti Alzheimer's Society, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń ran àwọn tó ní dementia lọ́wọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Màmá" ni kí wọ́n máa pè wọ́n, kì í ṣe orúkọ àbísọ gbalaja. Ẹ kọ ìgbà tí wọ́n ń gbàdúrà àti irú omi tí wọ́n fi ń wẹ̀. Kí ẹ tún lẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá díẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń pè é: "òùngbẹ ń gbẹ mí", "mo fẹ́ tọ̀", àti ní pàtàkì, "ó ń dùn mí". Àgbà tí ara ń ro tí kò rí i sọ á máa ti ọwọ́ òṣìṣẹ́ dànù, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé oníjà ni. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí i.

ÌyáÌbejìPeckham: Oúnjẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ẹ̀kọ àti ewédú ló la ẹnu ìyá mi. Àmọ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ná bóyá ọ̀fun màmá ṣì ń gbé nǹkan mì dáadáa, kí oúnjẹ má lọ há wọn lọ́fun. Ẹ mú òrí lọ fún ara wọn, kẹ́ ẹ sì máa bá wọn dirun.

AráManchester: Wọ́n lè sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má tètè máa lọ kí wọn, kí ara wọn lè balẹ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ máa lọ, pàápàá nírọ̀lẹ́. Tí wọ́n bá ní àwọn ń lọ sílé, ẹ má jiyàn. Ẹ bi wọ́n pé ta ló wà nílé. Ilé tí bàbá mi ń wá kì í ṣe èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ níbí, ilé bàbá tiwọn ní Ìṣẹ́yìn ni. Tí wọ́n bá ti sọ ọ́ sọ ọ́, wọ́n á jókòó. Ní ti àwọn ẹbí, ẹ fi fídíò pè wọ́n nígbà tẹ́ ẹ bá wà lọ́dọ̀ màmá, kí wọ́n ki màmá ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Ẹni tó bá rí ojú wọn ò ní sọ ọ̀rọ̀ ìjùsílẹ̀ mọ́.

ÌyáÌbejìPeckham: Òótọ́ ni ti oríkì yẹn o. Ìyá mi tí kì í sọ̀rọ̀ mọ́ máa ń gbè é.

ỌmọOǹdó: Ẹni tó bá ṣì ń wá ilé ní England, ẹ ka ìròyìn CQC, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò àwọn ilé ìtọ́jú, lórí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó buwọ́ lù ú. Tí owó àti dúkìá àgbà náà ò bá tó £23,250, council (ìjọba ìbílẹ̀) lè bá a san nínú owó náà.

ỌmọÌbàdàn: Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti tẹ ìwé náà jáde, màá béèrè nípa ọ̀fun wọn lọ́la. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti ń ra ẹ̀kọ ní Peckham?