Ẹ̀ka ìmọ̀ igbó yunifásítì kan fẹ́ wọ igbó ìlú wa: báwo ni a ṣe máa ka ìwé àṣeyọrí wọn?

Akọ̀wé_Ìjùmú

Òkun o, ẹ̀yin ará. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa ní Ìjùmú. Ní oṣù tó kọjá, àwọn olùkọ́ ẹ̀ka ìmọ̀ igbó láti yunifásítì kan wá bá ọba àti àwọn olóyè, wọ́n ní kí a yọ̀ǹda igun kan nínú igbó ìlú, níbi tí ẹgàn ti pàdé ọ̀dàn, kí wọ́n lè máa wọn àwọn igi ibẹ̀. Ìwé tí wọ́n kó wá kún fún àṣeyọrí: iye àpilẹ̀kọ tí wọ́n ti tẹ̀ jáde nínú jọ́nà (ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀), iye ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n ní, owó ìwádìí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga lówó, àti nọ́ńbà kan tí wọ́n pè ní h-index. Àwọn àgbà ní kí n wádìí ohun tí gbogbo rẹ̀ túmọ̀ sí kí a tó fún wọn lésì.

Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni pé, ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, àwọn kan wá láti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, wọ́n fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí ara igi wa, wọ́n jẹ iyán wa, wọ́n sì lọ láìtún yọjú. Àwọn tí ń sun èédú ti gé púpọ̀ nínú àwọn igi tí ó ní nọ́ńbà yẹn. Kí ni kí a wò nínú ìwé yìí, kí sì ni kí a béèrè?

Akẹ́kọ̀ọ́_Kàbà

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Kàbà ni mí, ìmọ̀ igbó ni mo sì ń kà lọ́wọ́ láti gboyè ọ̀mọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí n ti orí h-index bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ó máa ń dẹ́rù ba èèyàn jù, bẹ́ẹ̀ ni kò le rárá. Onímọ̀ físíìsì kan tí ń jẹ́ Jorge Hirsch ni ó gbé e kalẹ̀ ní ọdún 2005. Bí olùkọ́ kan bá ní àpilẹ̀kọ 10, tí àwọn olùwádìí sì ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìgbà 10 ó kéré tán, h-index rẹ̀ jẹ́ 10. Ì báà tún kọ 90 mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò tọ́ka sí, 10 náà ni yóò ṣì jẹ́. Ẹ má sì fi ti onímọ̀ igbó wé ti oníṣègùn, nítorí àwọn tí ń kọ̀wé lórí àìsàn pọ̀ fíìfíì ju àwọn tí ń kọ̀wé lórí igi lọ.

Iye àpilẹ̀kọ ni kí ẹ fi ojú ṣọ́. Orí àpilẹ̀kọ ni ìgbéga olùkọ́ dúró lé jù, àwọn jọ́nà kan sì wà tí wọn yóò tẹ ohunkóhun jáde bí ẹni tó kọ ọ́ bá ti sanwó. Yàtọ̀ sí èyí, ìgbéga kì í dúró de igi. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú ìwádìí wa fi jẹ́ ti ọmọ igi inú ọ̀rá, tí a bomi rin fún ọ̀sẹ̀ 12, tí a wọn gíga rẹ̀, tí a sì kọ ìwé lé lórí. Èmi náà ti ṣe é, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é, ṣùgbọ́n irúgbìn ọ̀sẹ̀ 12 kò lè sọ bí ìrókò yóò ṣe rí ní ọgbọ̀n ọdún. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo rò pé ó tó: igbó wo ni ẹ ti wọ̀n rí, tí ẹ sì tún padà lọ wọ̀n?

Aṣọ́gbó_tó_ti_fẹ̀yìntì

Ọmọ yìí sọ̀rọ̀ dáadáa. Mo ti ń ṣiṣẹ́ nínú igbó ìjọba láti ìgbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara, kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ ní 1991, mo sì fẹ́ fi àpẹẹrẹ kan gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ní 1929, àwọn òṣìṣẹ́ igbó pín ilẹ̀ kan ní Olókemejì, láàrin Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, sí ọ̀nà mẹ́ta. Lọ́dọọdún, wọ́n ń dáná sun apá kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń sun èkejì ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí koríko bá ti gbẹ táútáú, wọ́n sì ń dáàbò bo ẹ̀kẹta kí iná má kàn án rárá. Nígbà tí ọdún gorí ọdún, èyí tí iná kò kàn di igbó dídí, èyí tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn sì di pápá koríko tí igi rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ bí iná ọdẹ ṣe ń jẹ igbó wa lójú ọ̀nà Kàbà yóò mọ ìdí tí ẹ̀kọ́ yìí fi kàn wá. Nígbà tí Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka ìmọ̀ igbó sílẹ̀ ní 1963, ọdún 34 ni ó ti pé tí àdánwò náà bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè fi ọdún mẹ́ta rí ohun tí wọ́n rí níbẹ̀.

Ẹ ní kí wọ́n má fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà mọ́, nítorí òjò àti èèpo igi yóò pa á rẹ́. Páànù alumíníọ̀mù kékeré tí a kọ nọ́ńbà sí ni kí wọ́n fi ìṣó kàn. Ẹ ní kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìlú ní ìwọ̀n náà, kò ṣòro. Ẹ ó fi téèpù yí igi ká níbi tí ó ga tó mítà 1.3 láti ilẹ̀, nǹkan bí ọ̀gangan àyà àgbàlagbà, ẹ ó sì fi 3.14 pín ohun tí ẹ bá rí. Igi tí ìyíká rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 157, sẹ̀ǹtímítà 50 ni ìbú rẹ̀. Ẹ̀dà kan nínú àkọsílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà ní ààfin. Bí wọn kò bá padà wá, ẹ̀yin fúnra yín yóò lè wọ̀n ọ́n.

Ọmọ_Ìsánlú

Mo júbà Bàbá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín gbogbo ti gùn jù fún àwa obìnrin tí ń ṣe òrí ní Yàgbà. Igi òrí máa ń tó ọdún 15 sí 20 kó tó so dáadáa, nítorí náà kò sí ẹni tí ń gbìn ín. Èyí tí Ọlọ́run gbìn sí oko wa ni a ń ṣa, òun kan náà sì ni àwọn elédùú fẹ́ràn, torí pé èédú rẹ̀ lágbára. Mo gbọ́ pé bí wọ́n bá lọ́ ẹ̀ka igi òrí tí ó ti ń so mọ́ ara ọmọ igi, yóò tètè so ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀ka ìmọ̀ igbó kan bá fẹ́ wọ igbó wa, kí wọ́n kọ́ wa ní èyí ná. Kí wọn tó tún wọ̀n igi yín nígbà kejì, ta ni yóò ṣì kù nílé?

Akẹ́kọ̀ọ́_Kàbà

Ẹ kò jẹ̀bi, ìyá. Òótọ́ ni pé lílọ́ igi òrí ń dín ìdúró náà kù, ṣùgbọ́n ó gba ọwọ́ tó dáńtọ́, púpọ̀ nínú èyí tí a bá lọ́ ni ó sì máa ń kú ní ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí a lè fi ojú rí nínú ọdún kan sí méjì nìyẹn, kò sì dí wíwọn igbó lọ́wọ́. Ẹ béèrè méjèèjì.

Akọ̀wé_Ìjùmú

Ẹ ṣeun gan-an. Mo pe olórí ikọ̀ wọn lánàá, mo sì bi í ní ìbéèrè Akẹ́kọ̀ọ́ Kàbà gan-an, pé igbó wo ni wọ́n ti wọ̀n rí tí wọ́n sì tún padà lọ wọ̀n. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní oko tíìkì kan ṣoṣo ni wọ́n ti padà lọ wọ̀n, ìgbà méjì péré. Ìdáhùn yìí wọ̀ mí lára ju gbogbo ìwé aláràbarà tí wọ́n kó wá lọ. A ti kọ ohun mẹ́ta sínú ìwé àdéhùn: ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yóò wà ní ààfin àti ní ilé-ẹ̀kọ́ girama wa, wọn yóò kọ́ ọ̀dọ́ mẹ́rin ní ìwọ̀n igi, wọn yóò sì gbé ọgbà ọmọ igi òrí kan kalẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin. Bàbá, bí ẹ kò bá bínú, irú téèpù wo ni kí a rà, ti àwọn aránṣọ ni àbí ti àwọn bíríkìlà?