Owó idẹ Róòmù: ta ló ti dì í mú rí, kí lẹ sì rí lára rẹ̀?

Àbẹ̀ní Kent: Mo ra ọ̀kan ní London. Kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, abo ìkookò dúró, ó yí ọrùn padà, ọmọ méjì ń mu ọmú lábẹ́ rẹ̀, ìràwọ̀ méjì wà lókè. Ojú kejì, obìnrin tó dé akoto ogun, wọ́n kọ VRBS ROMA sí i, ìyẹn “Ìlú Róòmù”. Ayé Constantine, ọba Róòmù, ni, nǹkan bí ọdún 330. Tiyín ńkọ́?

Baba Ìbejì: Ẹ̀jìrẹ́! Èwo ni Táíwò nínú wọn?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ rọra yọ̀, sà. Romulus àti Remus ni ìbejì yẹn nínú ìtàn Róòmù; Romulus pa Remus.

Baba Ìbejì: Èèwọ̀! Wọ́n wá ya ìyẹn sára owó?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ìlú Róòmù ni wọ́n ń kì. Constantine ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí Constantinople, olú-ìlú tuntun, nígbà yẹn, lójú tèmi ṣe ló ń pẹ̀tù sí ìyáálé nínú. Owó ti ìyàwó náà wà: òrìṣà ìṣẹ́gun níwájú ọkọ̀ ojú omi.

Ayọ̀ Faransé: Ẹ wá wo ti Nîmes, ìlú kan ní Faransé. Ọ̀nì tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so mọ́ ọ̀pẹ! Íjíbítì nìyẹn, tí Augustus, ọba Róòmù, gbà ní ọdún 30 ṣáájú Kristi. Lójú kejì, òun àti Agrippa, balógun rẹ̀, kẹ̀yìn síra. Èyí tí mo rí, wọ́n ti gé e sí méjì, orí ẹnì kan ló kù. Ọ̀nì yẹn ṣì ni àmì ìlú náà dòní, a máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójú títì.

Ìyá Àdùkẹ́: Kí ni ọ̀nì ṣe fún wọn?

Tósìn: Ṣéńjì ni wọ́n gé owó yẹn fún.

Kọ́lá Leeds: Ayédèrú pọ̀ o. Sista Àbẹ̀ní, ó dá yín lójú?

Àbẹ̀ní Kent: Ta ni yóò ṣe ayédèrú ohun tó pọ̀ báyìí? Ìkòkò kan ṣoṣo tí wọ́n hú ní Frome, ní England, ní 2010, owó Róòmù 52,503 ló wà nínú rẹ̀.

Kọ́lá Leeds: Wọ́n ń ṣe é! Ẹ wo etí rẹ̀ dáadáa.

Tósìn: Ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, á dán.

Kọ́lá Leeds: Ẹ má dán an wò! Àwọ̀ ewé tó bò ó ló ń dáàbò bò ó. Aládùúgbò mi fọ tirẹ̀, orí ọba bá omi lọ.

Baba Ìbejì: Idẹ Ọ̀ṣun ńkọ́? Ṣebí ọsàn wẹ́wẹ́ la fi ń fọ̀ ọ́.

Kọ́lá Leeds: Ṣé idẹ Ọ̀ṣun sun inú ilẹ̀ fún 1,700 ọdún ni, sà?

Tósìn: Èló lẹ rà á gan-an?

Àbẹ̀ní Kent: Pọ́n-ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Tósìn: Ẹ fi owó tó ṣeé ná ra owó tí ò ṣeé ná.