«Dit» tó wà láàárín orúkọ méjì: àlàjẹ́ kọ́ o

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àárọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, a dúpẹ́ fún ìwé tí ẹ kọ lánàá nípa bí àwọn ará Québec ní Kánádà tí ń sọ Faransé ṣe ń tọpasẹ̀ ìran wọn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí mo ti dúró ni pé ẹ túmọ̀ «dit», ọ̀rọ̀ Faransé tí wọ́n ń fi sáàárín orúkọ ìdílé àti orúkọ kejì tí wọ́n pè lé e, sí «àlàjẹ́», àbúrò wa tó dá yín lóhùn sì ní «ìnagijẹ» ló dáa jù. N ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ẹ wo Pierre Hudon dit Beaulieu, tó tẹ̀dó sí Rivière-Ouelle, ìlú kan ní Québec, ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Hudon ni orúkọ tó bá a ti ilẹ̀ Faransé wá. Beaulieu ni wọ́n pè lé e. Ká ní ìnagijẹ lásán ni, ì bá bá a wọ ibojì. Títí dòní, àwọn kan ń jẹ́ Hudon, àwọn kan ń jẹ́ Beaulieu. Ẹni tó bá ń wá bàbá ńlá Beaulieu nínú ìwé ìrìbọmi lè wá a títí kó má rí i, torí Hudon ni àlùfáà kọ.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé àlàjẹ́ bàbá ńlá ń di orúkọ ìdílé lọ́dọ̀ tiwa náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bó bá ti dà bẹ́ẹ̀, a kì í pè é ní àlàjẹ́ mọ́. Ti Québec, orúkọ méjèèjì lè jọ máa rìn fún ìran mélòó kan kí wọ́n tó tú ká.

Ojú ogun ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Nígbà tí ọba Louis Kẹrìnlá rán ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní Carignan-Salières lọ sí Kánádà ní 1665, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ní orúkọ ogun: Lafleur, ìyẹn òdòdó; Sansoucy, ẹni tí kò ní ìdààmú. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ dáko, orúkọ náà bá wọn jókòó.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ká pè é ní «orúkọ àpèlé», orúkọ tí a pè lé orúkọ. Láàárín àwọn méjèèjì, ká kọ «tí wọ́n ń pè ní», torí ohun tí «dit» ń sọ gan-an nìyẹn. Ẹnì kan ti dá «àjẹlé» lábàá. Ẹ gbà mí o! Bí a kò bá fàmì sí i, ajẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́ ni èèyàn yóò kà, yóò sì máa wá ìṣákọ́lẹ̀ kiri.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni «Onge Mímọ́» tí ẹ fi túmọ̀ orúkọ ìdílé Saint-Onge. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò sí ẹni mímọ́ kankan níbẹ̀. Saintonge ni agbègbè kan ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Ẹni tó bá tibẹ̀ wá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn ní Ìjẹ̀ṣà nígboro Ìbàdàn. Akọ̀wé ló gé e sí méjì, tó sọ ará oko di ẹni ọ̀run.

Ní ti «orúkọ ọmọge», ìyẹn orúkọ ìdílé tí wọ́n bí obìnrin bá, n ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Èyí tí obìnrin fi sílẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó là ń pè bẹ́ẹ̀. Láwùjọ Québec, wọ́n lè pè é ní ìyàwó lágbájá, ṣùgbọ́n nínú ìwé ìjọ àti ìwé nótárì, Marie Gobeil ni wọ́n ń kọ ìyàwó Hudon. Láti 1981, òfin gan-an ti ní kó máa lo orúkọ tí wọ́n bí i bá. «Orúkọ ilé bàbá» tó, bí a ṣe ń fi oríkì ilé bàbá kì ìyàwó ilé. Àti pé àwọn «Filles du roi» («àwọn ọmọbìnrin ọba»), ìyẹn obìnrin bí 800 tó wá lọ́kọ ní Kánádà láàárín 1663 sí 1673, kì í ṣe ọmọ ọba. Ọba ló sanwó ọkọ̀ wọn.

Ẹ bá mi ro èyí: àwọn ará Québec tó kọjá sí Amẹ́ríkà lọ ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ òwú, tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ orúkọ wọn, tí Boisvert wọn di Greenwood, tí Leblanc di White, kí la ó pe tiwọn? Àpèlé kọ́, torí èkejì ti lé èkíní lọ. Mo ti gbé «àpèdà», orúkọ tí a pè dà, wò, àmọ́ ó ń ṣe mí bíi pé kò tíì jinná.